Oníbodè Abẹ́ Agboòrùn: Àkọsílẹ̀ lórí Ìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Owó ní Odògbólú

Agboòrùn tí mo gbé ìwádìí yìí kà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7 láti etí kan dé èkejì. Inú ògbólógbòó táyà ọkọ̀ tí wọ́n da kọnkéré sí ni wọ́n ri irin rẹ̀ mọ́, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Tábìlì oníke kan wà lábẹ́ rẹ̀, àga méjì, ẹ̀rọ POS mẹ́ta, ìwé ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìṣirò, àti báírò tí wọ́n fi òwú so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Obìnrin tó ni ín so ápúrọ́ọ̀nù alápò mẹ́ta mọ́ ìdí. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún wà ní àpò ọ̀tún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti igba náírà wà ní àpò òsì. Àpò kẹta wà lábẹ́ àwọn méjì yìí, ó ní síìpù, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í lẹ́bàá títì ní Odògbólú, tí mò ń kọ ohun tí ojú mi rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò owó Nàìjíríà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá níwájú agboòrùn yìí láìyà. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè nìyẹn.

Àwọn oníbàárà ń pe obìnrin náà ní Àǹtí POS. Aṣojú ni òfin Báńkì Àpapọ̀ ń pè é. Oníbodè ni èmi máa pè é, torí pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú la wà, ọ̀rọ̀ ibodè kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àná níbí. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ẹrù tó bá ń ti etí ọ̀sà lọ sí òkè, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló máa ń gbà kọjá. Àwọn baba wa kì í jẹ́ kí àlejò gba àárín ìlú wọn bó ṣe wù ú. Ọjà ààlà ni wọ́n ti ń pàdé, ibẹ̀ ni ẹrù ti ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, owó ibodè sì ń wọlé. Nítorí ọ̀nà yìí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kógun wá ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, tí wọ́n fi ja ogun Ìmàgbọ̀n. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn náà ni pé níbi tí ọjà méjì bá ti pàdé, tí ọ̀kan ò lè kọjá sọ́dọ̀ èkejì àyàfi tí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn, owó ibodè ò ní ṣàì wà, ẹni tó bá sì ń gba owó ibodè ló mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

Ọjà méjì tó ń pàdé lábẹ́ agboòrùn yìí ni owó ọwọ́ àti owó inú fóònù. Lójú òfin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Náírà ni náírà ń jẹ́. Ní Odògbólú, ₦5,000 tó wà nínú fóònù máa ń di ₦4,900 kó tó di owó tí èèyàn lè fi ra gàrí. Ọgọ́rùn-ún náírà tó jábọ́ láàárín ni wọ́n ń pè ní ṣáàjì. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ká fi wé ti alájọ ojoojúmọ́: ẹni tó bá dá àjọ fún oṣù kan, owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń yọ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ọ̀kan nínú ọgbọ̀n, ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Oníbodè wa kò wọ́n ju alájọ lọ. Mo sọ èyí torí pé àwọn tó ń bú àwọn oní POS pé wọ́n ń rẹ́ni jẹ kì í dúró ṣe ìṣirò yìí. Alájọ Ṣómólú, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń fi ọpọlọ rẹ̀ ṣàpèjúwe títí dòní, kò gbéra nílé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ ní iye. Jíjókòó sínú oòrùn ní iye pẹ̀lú.

Báwo ni ibodè ṣe kúrò nínú báńkì, tó wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì? Ẹni tó bá fẹ́ yan báńkì tó wù ú, Ìjẹ̀bú-Òde ló ń wọkọ̀ lọ látijọ́, á sì tò títí. Ní ọdún 2011, àjọ NIBSS, tí àwọn báńkì jọ ní, dá ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí owó fi ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ní 2013, Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé báńkì lè ní aṣojú láàárín ìlú. Ọ̀nà ti wà, àṣẹ ti wà, ṣùgbọ́n àwọn báńkì ńlá kò yára tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Àwọn tó yára ni iléeṣẹ́ OPay, tó dé ní 2018, PalmPay tó tẹ̀ lé e, àti TeamApt tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Moniepoint. Wọn kò kọ́ ilé. Ẹ̀rọ ni wọ́n pín. Gbogbo ẹni tó bá ní tábìlì, agboòrùn àti owó díẹ̀ lọ́wọ́ di ẹ̀ka wọn.

Ohun tí wọ́n fi ń figagbága yà mí lẹ́nu nígbà tí mo fetí sí i dáadáa. Nínú ọjọ́ mẹ́rin, mi ò gbọ́ kí oníbàárà kan bèèrè iye èlé tí báńkì kan ń san. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè bí báńkì náà ṣe lówó tó. Ohun tí mo gbọ́ nìyí:

“Àǹtí, ẹ kú òwò o. Ṣé owó wà?”

“Ó wà. Eélòó ni?”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ?”

“Ti àárín yìí ń lọ. Ti ọwọ́ òsì ti ń fa nǹkan látàárọ̀, ẹ má fi káàdì yín sí i.”

Ìdíje báńkì ní Odògbólú kò ju ìlà mẹ́rin yẹn lọ. Iyára ni ọjà. Ẹ̀rọ tí alẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá kọ́kọ́ dún ló gba oníbàárà. Àwọn báńkì àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, kò sì sí èyí tó fi hàn mí ju báńkì Wema lọ. Olóyè Mathew Adékọ̀yà Okupe ló dá a sílẹ̀ ní 1945 lórúkọ Agbonmagbe Bank. Ní 1969 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Wema. Ní 2017 wọ́n gbé ALAT jáde, báńkì tó jẹ́ pé inú fóònù nìkan ló ń gbé. Báńkì tí àwọn bàbá wa ń rìn lọ bá ti wá ń rìn wá bá wa.

Mo ní láti yà díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dun ọmọ Ìjẹ̀bú. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ayédèrú owó onírin pọ̀ kárí ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ Ìjẹ̀bú sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà débi pé títí dòní, ẹni tó bá rí ọjà ayédèrú á ní “Ìjẹ̀bú” ni. Ayédèrú òde òní kò gba irin, kò gba iná. Alẹ́ẹ̀tì irọ́ ni. Ẹnì kan á na fóònù sójú oníṣòwò, á ní òun ti fi owó ránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì dún, ṣùgbọ́n owó kankan ò wọlé. Mo rí ìyá kan tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú tó ti fi èyí kọ́gbọ́n. Kò fẹ́ tiransifáà mọ́. “Ọmọ mi, lọ bá mi gba owó wá lọ́dọ̀ Àǹtí yẹn,” ló ń wí fún oníbàárà, tó sì ń nawọ́ sí agboòrùn. Láyé ijọ́hun, ẹni tó bá gba sílè á jù ú sórí òkúta, á fetí sí i bó ṣe dún. Àǹtí POS ni òkúta ìyá elégàrí. Oníbodè wa kì í wo fóònù oníbàárà rárá. Inú ẹ̀rọ tirẹ̀ ló máa ń wò, kó tó ka owó. Iṣẹ́ ìjẹ́rìí ni èyí, ṣáàjì sì ń san án.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin, ibẹ̀ ni ọkàn mi wà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n dá pé kí owó àtijọ́ kásẹ̀ ńlẹ̀. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó tuntun kò sì tó. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà ní oṣù kejì yẹn kò ní gbàgbé. Áàpù ọ̀pọ̀ báńkì ńlá kò lè gbé ẹrù tó já lé e lórí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣáàjì gbígba ₦10,000 lọ́wọ́ oní POS di ₦2,000, ó di ₦3,000. Ní Ṣágámù, tí kò jìnnà sí wa, inú bí àwọn èèyàn ní ọjọ́ 20 oṣù náà, wọ́n dáná sun báńkì. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá a pé kí owó àtijọ́ ṣì máa ṣeé ná títí di ìparí ọdún.

Wo ohun tí ṣáàjì ṣe nínú ìtàn yìí. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni tẹ́lẹ̀. Ó fò dé ogún, ó fò dé ọgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n owó ọwọ́ kò fara pa mọ́ fún oníbodè fún ìṣẹ́jú kan, torí pé àpò ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbẹ. Nítorí náà ni mo ṣe ń dábàá òṣùwọ̀n kan tí mo pè ní Òṣùwọ̀n Agboòrùn: iye tó ń jábọ́ lára ₦5,000 nígbà tó bá ń ti inú fóònù bọ́ sọ́wọ́. Tó bá wà ní ₦100, ara orílẹ̀-èdè le. Tó bá di ₦200, kí àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tó bá di ₦1,000, kò tún sí ìjókòó. Mo tún kíyè sí i pé ọdún Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń gbé e sókè díẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin, tí àwọn àlejò ń wọlé, gbogbo èèyàn ló ń wá owó ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó bá ń fi òṣùwọ̀n yìí ṣiṣẹ́ ní láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ara gbígbóná torí ijó àti ara gbígbóná torí ibà.

Ohun kejì tí oṣù kejì ọdún 2023 kọ́ mi wọ̀ mí lọ́kàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọ̀ àwọn ẹ̀rọ POS yàtọ̀ síra, iléeṣẹ́ wọn yàtọ̀, wọ́n sì ń bára wọn du oníbàárà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí owó wọ́n, gbogbo wọn gbówó lérí lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé láti inú ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń bu owó ọwọ́. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bà jẹ́ nítòsí Abidjan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dàrú láti Côte d'Ivoire dé Nàìjíríà, títí kan ti àwọn báńkì. Odògbólú kò sí létí òkun. Síbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkun ní etí Abidjan lè mú kí ìyá elégàrí má ta ọjà lọ́jọ́ yẹn. Ìdíje tó wà lójú tábìlì kò sọ pé orísun pọ̀. Igi lè ní ẹ̀ka ogún lórí gbòǹgbò kan.

Kí á má sì rò pé ọ̀rọ̀ báńkì tó ń wó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òfin báńkì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà jáde ní 1952. Nínú báńkì bíi 25 tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní lásìkò náà, 21 ti wó nígbà tó fi máa di 1954. Agbonmagbe wà nínú àwọn tó yè é. Nígbà yẹn, ìròyìn pé báńkì ń mì ń rìn bí ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe ń rìn. Ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn oníbàárà Silicon Valley Bank ní àwọn fẹ́ gba owó tó tó bílíọ̀nù 42 dọ́là ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti í. Iyára tó ń mú alẹ́ẹ̀tì dún ní Odògbólú náà ló wà nínú ìbẹ̀rù yẹn. A kò lè gba ọ̀kan ká kọ èkejì.

Ta ló wá ń dá owó padà tí ilé bá wó? Mo bi oníbàárà mẹ́fà bóyá wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà nínú fóònù wọn kì í ṣe irú kan náà. Gbogbo wọn ní báńkì ni báńkì ń jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. OPay ní ìwé àṣẹ owó orí fóònù, irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ kò sì gba ẹni tó ni ín láyè láti yáni lówó. Moniepoint ní ìwé àṣẹ báńkì àwọn oníṣòwò kéékèèké, ìyẹn lè yáni. Àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi pamọ́, sọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 pé báńkì ńlá tó bá wó, àwọn á dá owó tó tó mílíọ̀nù 5 náírà padà fún oníbàárà kan, ti báńkì oníṣòwò kéékèèké kò sì ní ju mílíọ̀nù 2 lọ. Owó orí fóònù wà ní mílíọ̀nù 5. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ẹni tó ní owó níbẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí. Iye mẹ́ta yìí yẹ kó wà lára agboòrùn, kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ lédè Yorùbá síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí. Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ilé tí owó rẹ̀ ń sùn sí.

Báńkì Àpapọ̀ kò sùn ṣá. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ní kí OPay, PalmPay, Kuda àti Moniepoint má gba oníbàárà tuntun fún ìgbà díẹ̀ títí wọ́n á fi tún ètò ìdánimọ̀ ṣe; oṣù kẹfà ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ní oníbàárà kan kò gbọdọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́ lọ́wọ́ oní POS, oní POS kan kò sì gbọdọ̀ san ju mílíọ̀nù 1.2 náírà lọ lójúmọ́. Mi ò bá èyí jà. Olè ń fi POS kó owó sá lọ, mo mọ̀.

Ìlànà méjì ni mo bá jà, abẹ́ agboòrùn ni ẹ̀rí mi sì ti wá. Àkọ́kọ́ ni ti oṣù kẹjọ ọdún 2025, pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kúrò ní ìwọ̀n mítà 10 síbi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà ìrìn agboòrùn wa. Láàárọ̀, ó wà ní apá ìlà oòrùn títì, níbi tí òjìji ilé alájà kan ti ń bò ó. Nígbà tó bá fi máa di agogo méjì, oòrùn á ti lé e kúrò níbẹ̀, obìnrin náà á yí táyà rẹ̀ sọdá sí òdìkejì, sábẹ́ igi máńgòrò. Ìṣísẹ̀ 31 ni mo kà. Ìyẹn ju mítà 10 lọ dáadáa. Ẹni tó kọ ìlànà yẹn rò pé ilé ni òwò yìí ń gbé. Òjìji ló ń gbé, òjìji a sì máa rìn.

Èkejì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Báńkì Àpapọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà tuntun pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2026, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ni aṣojú kan gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún. Mo mọ ìdí wọn: tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀, kí a lè mọ ọ̀gá tó máa dáhùn. Ìdí tó dáa ni. Àmọ́ ẹ̀rọ mẹ́ta tó wà lórí tábìlì yẹn nìkan ni ààbò tí ará Odògbólú ní nígbà tí ọ̀kan bá kú. Nínú ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi jókòó, kò sí ọjọ́ kan tí oníbodè kò ti ẹ̀rọ kan sẹ́yìn kó tó mú òmíràn. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọkùnrin kan wá gba owó oògùn fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yọ owó, kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Owó há sójú ọ̀nà. Ọmọ náà ń làágùn. Oníbodè kọ orúkọ àti aago rẹ̀ sínú ìwé, ó fi ẹ̀rọ kejì gba ìwọ̀nba tó kù nínú àkáǹtì rẹ̀, ó ka owó fún un, ó ní, “Lọ ra oògùn, tí èyí tó há bá padà wá, wàá rí mi níbí.” Lábẹ́ òfin tuntun, ẹ̀rọ kejì kò sí. Ìdíje á kù láàárín agboòrùn kan sí òmíràn, ó sì lè jẹ́ pé òdìkejì ìlú ni òmíràn wà.

Láyé àtijọ́, àwọn Pàràkòyí tó ń mójú tó òwò kì í jókòó jìnnà sí ọjà. Lónìí náà, àjọ ìjọba tó ń ka iye ọjà káàkiri Nàìjíríà ń kọ iye gàrí sílẹ̀ lóṣooṣù, ìlú dé ìlú. Kí wọ́n kọ ṣáàjì náà sílẹ̀. Kí wọ́n rán ẹnì kan sábẹ́ agboòrùn ní Odògbólú, ní Ayépé, ní Òkun-Ọ̀wà, kó bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ₦5,000 lónìí, kó sì kọ iye ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Ká ní wọ́n ti ń ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìwé náà ì bá ti kígbe kí Ṣágámù tó gbiná.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, oníbodè ti ṣírò ìwé rẹ̀, ó ti kó ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú báàgì, ó ti dá agboòrùn wálẹ̀, àpò ọ̀tún àti òsì sì ti ṣófo. Ọmọbìnrin kan sáré dé. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ọkọ̀ ìdájí ni mo fẹ́ wọ̀ lọ sí Ìbàdàn lọ́la.” Ó wo ọmọ náà, ó yọ ẹ̀rọ kan jáde, ó fi káàdì sí i. Alẹ́ẹ̀tì dún. Ó fa síìpù àpò kẹta, ó ka owó márùn-ún tó ká ní ìgbà méjì, ó nà án sí i.

“Eélòó ni ṣáàjì ẹ̀, Àǹtí?”

“Ọgọ́rùn-ún náírà ni.”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.